Bàbá Ọ̀dà Gbé Okùn Lọ sí Òkun

Ọjọ́ tí Bàbá Ọ̀dà gbé okùn lọ sí èbúté, èrò tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ náà pọ̀, oníkálukú sì ń fa àpótí aláyíká rẹ̀. Àpótí kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ní, ìyàwó ló sì ń fà á. Èjìká Bàbá Ọ̀dà kò ráyè. Okùn ló wà níbẹ̀, okùn nínípọn kan tó ká jọ bí ejò tó yó, tí gbogbo àwọ̀ ọ̀dà tí ọkùnrin náà ti lò láyé rẹ̀ sì ta sí lára.

Àwọn kan tó ń sọ ìtàn yìí ládùúgbò máa ń sọ pé okùn méjì ni. Wọ́n ṣì í sọ. Okùn kan ni, ó kàn gùn ni.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tó ń yẹ ẹrù àwọn èrò wò, dá a dúró.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Kí lẹ fẹ́ fi okùn yìí ṣe?"

"Wọ́n ní kí n mú un wá ni."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ mú un wá?"

"Ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì ni. Kì í sọ̀rọ̀ ṣeré."

"Bàbá, ọkọ̀ yìí ní okùn tiẹ̀."

"Mo mọ̀. Tiyín lẹ fi ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Tèmi ni mo fẹ́ fi so ara mi mọ́ ọkọ̀."

Ọkùnrin náà fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ó dáa, Bàbá. Tí ọkọ̀ bá wá rì ńkọ́?"

Bàbá Ọ̀dà wo ọkọ̀. Ó wo omi. Ó wá sọ okùn náà kalẹ̀ ní èjìká, ó sì rọra gbé e lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. "Ẹ gbà," ló wí, "ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ di ìgbà tí mo bá dé."

Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wọn ló bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló ń wò, ọwọ́ tí kò ní okùn nínú mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni obìnrin yìí ti ń dúró de ọjọ́ náà. Àtẹ̀gùn kan péré ló kù láàárín òun àti òkun, ọkọ rẹ̀ sì dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn bí ẹni tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́lẹ̀. Bí kò bá gùn ún, òun náà kò ní gùn ún. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀.

Ká tó mọ bí ó ṣe parí, ó yẹ ká mọ bí okùn ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà.

Iṣẹ́ Bàbá Ọ̀dà ni kí ó máa kọ ọ̀rọ̀ sára pátákó fún àwọn onísọ̀. Ìsọ̀ tirẹ̀ fara kan ti onígbàjámọ̀ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ọwọ́ Bàbá Ọ̀dà mọ́ gan-an. Lẹ́tà rẹ̀ a máa dúró ṣánṣán lórí ìlà bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń bẹ̀rù ẹgba. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, kì í sì í fi àmì kankan sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Eṣinṣin ló ń pè wọ́n.

"Iṣẹ́ tí mo ṣe tó mọ́ báyìí," a máa wí, "kí n wá jẹ́ kí eṣinṣin bà lé e? Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí mo kọ. Ẹni tí ò bá gbọ́, àmì ò lè ràn án lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà, wọn kò sì ṣàìsọ fún un. Ọkùnrin kan tó ń ta irinṣẹ́ ní kí ó bá òun kọ ọ́ síta pé ọkọ́ tuntun ti dé. Ọkọ́ tí a fi ń roko ni. Bàbá Ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà: OKO TUNTUN TI DE. Kí oòrùn tó mú, àwọn obìnrin ti pé jọ síwájú ìsọ̀ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń gba àlòkù?" ni ọ̀kan nínú wọn béèrè.

"Àlòkù kí ni?"

"Àlòkù ọkọ ni. Tèmi ṣì lágbára. Ó kàn máa ń pariwo tó bá ń ṣiṣẹ́."

Onírinṣẹ́ fi ìbínú wá bá Bàbá Ọ̀dà pé kí ó wá fi àmì sí i kíákíá. Bàbá Ọ̀dà kò gbé ojú kúrò lórí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó béèrè bóyá ọjà tà. Onírinṣẹ́ ní ó tà, àwọn tó wá ṣe yẹ̀yẹ́ ti ra ọkọ́ tán pátápátá. "Ó dáa," ni Bàbá Ọ̀dà wí, "ṣé eṣinṣin ló bá ọ tà á ni?"

Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ó sì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn. Lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ìwé kíkọ, nítorí náà òun náà kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé ohun tó bá kọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ rẹ̀ sì ń pè é: Aránṣọ. Lókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni àwòrán ọkọ̀ ojú omi kan wà, tó gé lára kàlẹ́ńdà tó ti gbó. Nígbà tí Bàbá Ọ̀dà ń wá ojúrere rẹ̀, ó ṣèlérí fún un pé òun yóò mú un rin òkun. Ẹni tó ń wá ìyàwó kì í wọn ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọdún kì í yí po kí obìnrin náà má béèrè.

"Bàbá, òkun wa ńkọ́?"

"Owó ni, Aránṣọ. Owó ni ò sí."

Á mi orí, á sì mí kanlẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn oníbàárà ìyàwó rẹ̀ máa ń ṣàánú rẹ̀. Ọjọ́ kan ni ọmọ wọn wá sílé, tó ní òun ti san owó ọkọ̀ ìgbafẹ́ fún àwọn méjèèjì, ọkọ̀ gàgàrà tó ní yàrá ìsùn àti ilé oúnjẹ nínú, tí yóò gbé wọn rìn lójú òkun, tí yóò sì dá wọn padà. Ìyàwó figbe ayọ̀ ta. Bàbá Ọ̀dà jókòó wọ̀ọ̀. Ọjọ́ yẹn ló tó yé e pé owó tí kò sí yẹn ló ti ń gba òun là látọjọ́ yìí.

Kì í ṣe ojo ènìyàn. Ó máa ń gun àkàbà dé òkè ilé gogoro, á sì máa súfèé níbẹ̀. Ó ní òkè kò lè ba òun lẹ́rù, nítorí ilẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ òkè.

"Kí ló wá wà nísàlẹ̀ omi?" ni onígbàjámọ̀ bi í.

"Ìwọ sọ ọ́."

"Ilẹ̀ náà ni."

"Ilẹ̀ ni lóòótọ́," ni Bàbá Ọ̀dà wí. "Ta lo wá mọ̀ tó ti ibẹ̀ dé?"

Kò fìgbà kan sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ohun tó ń sọ ni pé òun ń ṣe ìwádìí. Ìwádìí àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pákó kan tó so rọ̀ mọ́ àjà ìsọ̀ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí rẹ̀, ó ní kí onígbàjámọ̀ máa mi òun, kí ara òun lè tètè mọ́ òkun.

"Ṣé kí n mì ọ́ bí òkun ni, àbí bí odò?"

"Bẹ̀rẹ̀ láti orí odò."

Onígbàjámọ̀ mì ín bí odò. Bàbá Ọ̀dà ní èyí kò burú, ó tilẹ̀ dára fún ẹ̀yìn. Ni onígbàjámọ̀ bá kúrò ní odò. "Ìgbì ń bọ̀ o!" ló pariwo, ó sì ti pákó náà tagbáratagbára. Oníbàárà kan tí wọ́n fá orí rẹ̀ dé ìlàjì ti jáde wá síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Bàbá Ọ̀dà fi ọwọ́ méjèèjì di pákó mú, ojú rẹ̀ sì ti ràn. "Dá ọkọ̀ dúró!" ló ń kígbe. "Dá ọkọ̀ dúró! Mo ti dé ibi tí mò ń lọ!"

Lẹ́yìn èyí ló kun ògiri yàrá wọn. Ó ní ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́, ọkàn á yéé sá fún un. Ó kun òkun láti igun kan dé èkejì, ó sì kun ọkọ̀ ńlá kan sórí rẹ̀. Àwòrán náà dára. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀ tó bá jí, á mú búrọ́ọ̀ṣì, á fi ọkọ̀ kékeré kan kún un, irú èyí tí wọ́n fi ń sá àsálà nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá fẹ́ rì.

"Bàbá," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "àwọn ọkọ̀ kéékèèké yìí ti pọ̀ débi pé èèyàn lè rìn lórí wọn dé èbúté."

"Ohun tí mo ní lọ́kàn gan-an nìyẹn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì sún mọ́ ògiri. Ó rí obìnrin kékeré kan lórí ọkọ̀ náà, tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé bíi tirẹ̀. Ó rí ọkùnrin kékeré kan pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò sí nínú ọkọ̀. Ó dúró sí etí omi, ó ń juwọ́.

"Ta nìyí?"

"Ẹnì kan tó ń juwọ́ ni."

"Ṣòkòtò yín ló wọ̀."

Bàbá Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó ń ká aṣọ tí kò nílò kíká. "Bí ẹ ò bá lọ, Bàbá, èmi náà ò ní lọ," ló wí. "Mi ò dúró de òkun títí di àkókò yìí kí n wá dá nìkan wò ó. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó gba owó ẹ̀ padà."

Ó bọ́ sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò bá a sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ mọ́ ní ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò tún wo àwòrán tó wà lókè ẹ̀rọ náà. Nígbà tó jí lọ́jọ́ kejì, ògiri ṣì rin. Ọkùnrin etí omi kò sí níbẹ̀ mọ́, ọ̀dà òkun ti bò ó. Ó wá a títí kó tó rí i: orí kékeré kan báyìí ló yọ lẹ́yìn obìnrin aláṣọ ewé. Ó ti wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ ló sá pamọ́ sí.

Ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò lọ ni ọmọ wọn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Bàbá Ọ̀dà kò mú awò ojú rẹ̀ dání, ó gbé fóònù náà tọ onígbàjámọ̀ lọ. Bí ọmọ náà ṣe kọ ọ́ nìyí gẹ́lẹ́: "Baba mi, e sinmi daadaa, ki e si maa jeun. Okun lo se pataki. Eni ti yoo wo oko gbodo ni okun to po."

Onígbàjámọ̀ kà á, ó dijú, ó tún un kà. "Ẹni tí yóò wo oko. Oko wo lo fẹ́ lọ wò?"

"Wọ ọkọ̀! Ọkọ̀ ni. Ìwọ náà, ṣé o ò gbọ́ Yorùbá ni?"

"Má bínú. Ó ní o gbọ́dọ̀ ní òkun tó pọ̀."

"Báwo ni mo ṣe máa ní òkun? Ta ló ni òkun?"

"Okùn ni nígbà yẹn."

"Okùn?"

"Okùn tó pọ̀. Wò ó, ó mẹ́nu ba ìsinmi, ó mẹ́nu ba oúnjẹ, ṣùgbọ́n okùn ló ní ó ṣe pàtàkì."

Bàbá Ọ̀dà ronú sí i. "Ọmọ yẹn ò lè ṣàdédé sọ ọ́," ló wí. "Nǹkan kan wà tí àwọn dókítà mọ̀."

Àwọn àgbàlagbà méjì yìí wá òkun, wọ́n wá okùn, wọn kò sì rántí okun, èyí tí í ṣe agbára, tí kò gba àmì kankan lórí. Nínú ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ọmọ náà kọ bó ṣe yẹ kí á kọ ọ́, okun wà lára wọn. Òun gan-an ni wọ́n ṣì kà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí èbúté. Ọmọ wọn ló wá sìn wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti lọ ra omi mímu nígbà tí bàbá rẹ̀ ń bá aláṣọ funfun sọ̀rọ̀. Ìgbà tó máa dé, ó bá okùn lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì bá èrò tó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi, okùn wo rèé?"

"Èyí tó o ní kí n mú wá ni."

"Èmi?"

Ó gba fóònù, ó kà á, ó sì káwọ́ lérí. "Okun! Okun ara ni mo kọ, Bàbá! Mo ní kẹ́ ẹ sinmi, kẹ́ ẹ jẹun, kẹ́ ẹ lè lókun nínú!"

Bàbá Ọ̀dà wo fóònù náà títí. Ó wo ọmọ rẹ̀. Inú bí i, kì í ṣe eré rárá. "Kí ló wá dé," ló wí, "tó ò fi àmì sí i?"

"Okun kì í gba àmì, Bàbá."

"Kó o fi sí àwọn tó kù nígbà yẹn, kí n lè mọ̀ pé eléyìí ò gbà á!"

Gbogbo ọdún tí wọ́n fi bá a jà lórí àmì ohùn, kò sí olùkọ́ kan tó ṣàlàyé ìwúlò rẹ̀ yékéyéké tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà dì mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì dágbére fún wọn. Ó wá ku àtẹ̀gùn. Bàbá Ọ̀dà gùn ún dé àárín, ó sì dúró. Omi wà lápá ọ̀tún, omi wà lápá òsì, ó sì ń hó yee nísàlẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́, wọ́n fẹ́ kọjá.

"Aránṣọ," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "mo rò pé mi ò ti ilẹ̀kùn ìsọ̀."

"Ẹ tì í. Ojú mi ló ṣe." Ìyàwó rẹ̀ gbé àpótí kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì sún mọ́ ọn. "Ẹ gbọ́ mi, Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí."

Bàbá Ọ̀dà yíjú sí i. "Ìwọ?"

"Èmi. Ó ti ń bà mí látọjọ́ tọ́mọ yìí ti wá sọ ọ́."

"O ò sì sọ fún mi!"

"Ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè sọ ọ́? Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí n bẹ̀rù, màá bá a pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti so pákó mọ́ àjà. Ẹ ti ń kun ọkọ̀ kéékèèké. Ẹ̀rín yín ni mo ń rín tí mo fi ń gbé ẹ̀rù tèmi mì. Tẹ́ ẹ bá wá padà báyìí, ta ni kí n fi ṣe é?"

Bàbá Ọ̀dà wo omi, ó wo obìnrin tó ti ń fẹ́ láti kékeré, tí kò mọ̀ pé nǹkan kan ń bà lẹ́rù láyé. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Ta ló sọ fún ọ pé èmi ń bẹ̀rù?" ló wí. "Ìwádìí ni mò ń ṣe."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ wádìí ẹ̀ lókè."

Ó fi ọwọ́ kan gbé àpótí, ó na èkejì, ọkọ rẹ̀ dì í mú, wọ́n sì gun èyí tó kù. Àwọn kan máa ń sọ pé ó sunkún nígbà tó dé òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé omi òkun ni ìgbì ta sí òun lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ṣì wà ní èbúté nígbà náà.

Nígbà tí wọ́n dé yàrá wọn, ó jókòó sórí ibùsùn, ó di etí ibùsùn náà mú, ó ń dúró de ìgbà tí ọkọ̀ yóò ṣí. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ń lọ síta. Ó ní kó máa lọ. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí obìnrin tó ń tọ́jú yàrá fi kanlẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ ò ní jáde wá najú?"

"Tí ọkọ̀ bá ṣí, tí mo rí bó ṣe ń ṣe, màá jáde."

"Bàbá, a ti ṣí tipẹ́."

"Irọ́ ni."

"Ẹ wojú fèrèsé."

Bàbá Ọ̀dà wò ó. Ilẹ̀ kò sí mọ́. Ó fa aṣọ fèrèsé padà bò ó, ó sì wo obìnrin náà bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. "Ẹ ò bá ti sọ fún mi," ló wí. "Tó bá jẹ́ pé ìgbà tó ṣí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù, mi ò bá ti bẹ̀rù tán báyìí."

Ó jáde ṣá. Ó ń fọwọ́ tọ ògiri títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, tó di irin etí ọkọ̀ mú, tó ń wo òkun. Bàbá Ọ̀dà fẹ́ dijú, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti bí i nínú.

"Kí nìyí?"

"Òkun ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé òkun ni. Àwọ̀ wo nìyí? Kì í ṣe búlúù. Wo ibẹ̀ yẹn, ó fẹ́ jọ ewé. Wo ọ̀hún, ó ti dúdú. Ó tún ti yí padà! Kò dà bí mo ṣe kùn ún rárá. Mi ò ní irú ọ̀dà yìí nínú ìsọ̀ mi, onísọ̀ kankan ò sì ní in."

Ó tẹ orí kọjá irin náà kó lè rí i dáadáa. Ó ń fi ìka po ọ̀dà nínú afẹ́fẹ́: funfun díẹ̀, àwọ̀ ewé díẹ̀, bóyá kí dúdú kan án fẹ́rẹ́. Ó bá òkun jiyàn títí wọ́n fi lu agogo oúnjẹ. Ìyàwó rẹ̀ kò wo òkun mọ́ nígbà yẹn. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí wọ́n padà dé, kò sí ẹni tó gbádùn ládùúgbò. Ìrìn tí kò tó ọ̀sẹ̀ kan ti sọ Bàbá Ọ̀dà di atukọ̀. Kì í sọ pé òjò ń bọ̀ mọ́, ó ní ojú ọjọ́ ń rú. Ó kọ́ onígbàjámọ̀ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí ọkọ̀, ó fẹsẹ̀ gbalẹ̀ fún un, ó sì dá a lẹ́bi pé kò tẹ orúnkún tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń sọ fún àwọn tó wá gẹrun pé ìgbì kan dìde tó ga ju òrùlé ilé yẹn lọ, ni ìyàwó rẹ̀ bá ń kọjá lọ.

"Ìgbì wo nìyẹn, Bàbá?"

"O ti sùn nígbà yẹn," ló wí.

Ìyípadà kan tún dé bá iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí okùn bá wà nínú ohun tí wọ́n ní kó kọ, á fi àmì sí i, ó tóbi, ó sì pupa. Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù ṣì wà láìní eṣinṣin.

Ó lo ọdún díẹ̀ sí i, ó sì dàgbà dáadáa. Ó kú sórí ibùsùn rẹ̀ lẹ́yìn tó ti jẹun àárọ̀, tó sì ti bá ọmọ rẹ̀ jiyàn lórí fóònù. Àwọn tó wá bá ìdílé kẹ́dùn gbìyànjú láti sunkún bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹnì kan á dárúkọ pákó, ẹlòmíràn á ní "ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀", ilé á sì gba ẹ̀rín. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín jù.

Obìnrin náà tún fẹ́ lọ sójú òkun báyìí. Ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ bá a lọ. Lọ́jọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá náà yà sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ láti dágbére fún un.

"Ẹ̀rù ò bà yín, Ìyá?"

"Ó ń bà mí."

"Pẹ̀lú bẹ́ ẹ ṣe ti lọ rí yẹn?"

"Mo ní ẹni tó ń bá mi bẹ̀rù nígbà yẹn. Ọmọ yìí ò mọ̀ ọ́n ṣe. Akọni ni. Ó ń ṣàlàyé fún mi bí irin ọkọ̀ náà ṣe nípọn tó. Kí ni mo fẹ́ fi irin ṣe?"

Onígbàjámọ̀ gbé ẹ̀rọ ìgẹrun kalẹ̀. Ó ní kó jẹ́ kí òun gbìyànjú láti bẹ̀rù bíi Bàbá Ọ̀dà. Ó di àga mú, ó la ojú rangandan, ó sì kígbe: "Yéè! Omi o!"

"Rárá," ni obìnrin náà wí, ó ń mi orí. "Ẹ ò gbọ́ ọ rárá. Tiẹ̀ kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Ẹ wò mí."

Ó dìde dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ó wú àyà síta. Ó rọra tún kọ́là tí kò sí lọ́rùn rẹ̀ ṣe, ó húkọ́ díẹ̀, ó sì gbójú sókè bí ẹni tí kò sí ohun tó kàn án láyé yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kan wà lẹ́yìn, tó fi di férémù ilẹ̀kùn mú ṣinṣin. "Ta ló ń bẹ̀rù?" ló wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ dé ibi tí ohùn ọkọ rẹ̀ máa ń wà. "Ìwádìí ni mò ń ṣe."

Onígbàjámọ̀ kò lè rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí dígí, ó mú àwọn òòyà rẹ̀, ó ń tò wọ́n bó ṣe ti tò wọ́n tẹ́lẹ̀.

Obìnrin náà tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára férémù, ó mí kanlẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lójú.

"Mo ti bẹ̀rù tán," ló wí. "Mo lè lọ wàyí."

Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì gba ilé lọ láti lọ di ẹrù rẹ̀.